Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀kọ́ lórí Yíyan Bátìrì fún Ẹ̀rọ Àfọwọ́ṣe

Ní ìlú Adó-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, láti Ìyìn àti Ìgèdè títí dé Arámọkọ àti Ìjerò, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ẹlòmíràn ń to rédíò, ẹlòmíràn ń ṣe fìtílà tí yóò máa tàn nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, ẹlòmíràn sì ń fi pákó àti gílóòbù kan àpótí tí ń sàba ẹyin adìẹ. Púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa dùn mọ́ oníṣẹ́ nínú ní ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ẹ̀rọ náà a ti dákẹ́. Ẹni tí ó ṣe é a sì máa rò pé òun kò mọ wáyà so. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe wáyà ni ó jẹ̀bi. Bátìrì tí a fún ẹ̀rọ náà ni kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ó ń jẹ owó oníṣẹ́, ó lè ba ẹyin tí a ti ń tọ́jú láti ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ ní òru ọjọ́ kan, ó lè dá iná sílẹ̀ nínú ilé, ó sì lè fi májèlé sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti bátìrì rí. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ni ó yẹ kí ó yan bátìrì fún ni. Kì í ṣe bátìrì tí ó wà lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó yan iṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA KÍ A TÓ NÁ OWÓ

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ilé ìtajà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè nípa ẹ̀rọ tí ó fẹ́ ṣe.

Èkíní ni pé, fóòtì mélòó ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́? Fóòtì ni a fi ń wọn agbára tí bátìrì fi ń ti iná jáde. Bí a bá gbé àgbá omi ka orí pẹpẹ gíga, omi inú rẹ̀ yóò tú jáde lẹ́nu rọ́bà pẹ̀lú agbára ju ìgbà tí àgbá náà wà nílẹ̀ lọ. Bí àgbá bá ti ga tó ni agbára omi rẹ̀ ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fóòtì. Rédíò tí a ṣe fún fóòtì 3 kò ní sọ̀rọ̀ dáadáa bí a bá fún un ní 1.5, bí a bá sì fún un ní 12, yóò jó.

Èkejì ni pé, báwo ni iná tí ẹ̀rọ náà ń mu ti pọ̀ tó? Áńpíà ni a fi ń wọn èyí. Ó dà bí ìwọ̀n omi tí ń gba inú rọ́bà kọjá. Nítorí pé áńpíà kan ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ kéékèèké, a pín in sí ọ̀nà 1000, a sì ń pe ìdá kọ̀ọ̀kan ní mílíáńpíà. Rédíò kékeré lè máa mu mílíáńpíà 30 bí ohùn rẹ̀ bá mọ níwọ̀n. Gílóòbù LED kékeré kan ń mu nǹkan bí 20. Mọ́tò fáànù kékeré lè mu 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé, wákàtí mélòó ni a fẹ́ kí ó fi ṣiṣẹ́ kí a tó pààrọ̀ bátìrì tàbí kí a tó tún fi iná sí i? Ìdáhùn èyí wà nínú lẹ́tà mAh tàbí Ah tí a tẹ̀ sí ara ọ̀pọ̀ bátìrì. Lẹ́tà wọ̀nyí ni ó ń sọ bí àmù omi náà ti tóbi tó. Bátìrì tí ó jẹ́ 1000 mAh lè pèsè mílíáńpíà 100 fún wákàtí 10, tàbí mílíáńpíà 50 fún wákàtí 20. Ah kan sì jẹ́ 1000 mAh.

Ìṣirò náà rọrùn: kí a sọ mílíáńpíà tí ẹ̀rọ ń mu di púpọ̀ pẹ̀lú wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ohun tí a bá rí ni oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà, kí a fi oúnjẹ òòjọ́ yìí pín mAh tí ó wà lára bátìrì, a ó sì mọ iye ọjọ́ tí bátìrì náà yóò lò.

Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń mu lè fi mítà wọ̀n ọ́n. A ó yọ wáyà kan kúrò lẹ́nu bátìrì, a ó sì fi mítà di àlàfo náà, kí iná lè gba inú mítà kọjá lọ sínú ẹ̀rọ. A kò gbọdọ̀ fi ẹnu méjèèjì mítà tí a yí sí áńpíà kan orí àti ìdí bátìrì tààrà, nítorí pé mítà lè bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

ÀWỌN Ẹ̀YÀ BÁTÌRÌ TÍ Ó WÀ LỌ́JÀ

Ní ọdún 1800 ni Alessandro Volta, ará Ítálì, kéde fún aráyé pé bí a bá to irin oríṣi méjì léra wọn, tí a sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, iná yóò máa ṣàn. Láti inú ọgbọ́n yìí ni gbogbo bátìrì ayé òde òní ti jáde. Ohun tí ó yàtọ̀ láti ẹ̀yà kan sí èkejì ni irú irin àti irú omi tàbí ẹ̀kọ tí a fi sínú rẹ̀.

Bátìrì gbígbẹ lásán. Georges Leclanché, ará Faransé, ni ó ṣe bátìrì tí ó di baba ńlá rẹ̀ ní ọdún 1866. Ike tàbí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi bò ó lóde; agolo síńkì àti ọ̀pá èédú wà nínú. Fóòtì 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fúnni. Èyí tí ó tóbi tí a ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì ńlá ní àmì R20 tàbí D lára. Èyí tí ó tó ìka ọwọ́ ní àmì R6 tàbí AA. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ iṣẹ́ líle. Àmù tí ẹnu rẹ̀ há ni: bí a bá ń rọra bù ú, yóò pẹ́, bí a bá fẹ́ dà á lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní fẹ́ jáde. Bákan náà, agolo síńkì rẹ̀ ni oúnjẹ tí ó ń jẹ. Bí ó bá jẹ agolo náà lu, omi inú rẹ̀ yóò ṣàn jáde, yóò sì ba ìtẹ́ bátìrì inú ẹ̀rọ jẹ́. Nítorí náà, kí a máa yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ tí a kò ní lò fún ìgbà pípẹ́.

Bátìrì alkaline. Fóòtì rẹ̀ àti ti bátìrì gbígbẹ lásán dọ́gba, ṣùgbọ́n àmù rẹ̀ tóbi jù, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ jù. Bí R6 lásán bá fúnni ní nǹkan bí 800 mAh, alkaline tí ó tó ọgbọọgba rẹ̀ lè fúnni ní 2000 sí 2500. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni lẹ́tà L tí ó ṣáájú R: LR6 ni alkaline, R6 ni bátìrì lásán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san owó alkaline fún bátìrì lásán nítorí pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ ńlá tí a kọ sára rẹ̀ gbọ́. Lẹ́tà kékeré yìí ni kí wọ́n máa wò.

Bátìrì níkẹ́ẹ̀lì tí ń gba iná padà. HR6 ni àmì èyí tí ó tó ìka. Fóòtì 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fúnni, kì í ṣe 1.5. Nítorí náà, mẹ́rin rẹ̀ yóò fúnni ní 4.8, kì í ṣe 6. Ẹ̀rọ tí kò fẹ́ kí fóòtì dín rárá nílò márùn-ún. Ó ṣe é fi iná sí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, ó sì dára fún ẹ̀rọ tí a ń lò lójoojúmọ́.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù. Irú èyí ni ó wà nínú fóònù alágbèéká àti kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́. Ilé iṣẹ́ Sony ti Japan ni ó kọ́kọ́ gbé e sí ọjà ní ọdún 1991, a sì fún onímọ̀ mẹ́ta tí ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019. Fóòtì 3.7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fúnni. Ó fúyẹ́, ó sì kún fún agbára, ṣùgbọ́n kò gba ìwàkuwà. Bí fóòtì rẹ̀ bá ga ju 4.2 lọ nígbà tí a ń fi iná sí i, ó lè wú, ó sì lè gbiná. Bí a bá sì lò ó títí tí ó fi wálẹ̀ jìnnà sí 3, ó lè bàjẹ́ pátápátá. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ lò ó láìsí bọ́ọ̀dù kékeré tí ń ṣọ́ ọ.

Bátìrì olójé. Gaston Planté, ará Faransé, ni ó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1859, òun náà sì ni baba bátìrì mọ́tò. Òjé àti ásíìdì ni ó wà nínú rẹ̀. Ó wúwo, fóòtì 12 ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Kí a mọ̀ pé bátìrì mọ́tò lásán kì í ṣe fún iṣẹ́ òru gígùn. A ṣe é kí ó lè tú iná púpọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí mọ́tò lè ta. Bí a bá ń mu ún gbẹ ní òru lóòrèkóòrè, kò ní pẹ́ kú. Èyí tí a ṣe fún sólà ni ó yẹ iṣẹ́ òru. Bí ó ti wù kí ó rí, kí a má ṣe mu bátìrì olójé ju ìdajì rẹ̀ lọ kí a tó fi iná sí i.

Bátìrì onígun fóòtì 9. Èyí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ. Wọ́n rí i pé fóòtì rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì rò pé agbára rẹ̀ pọ̀. Bátìrì kéékèèké mẹ́fà ni a tò sínú rẹ̀, àmù rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 500 mAh lọ, àní bí ó bá jẹ́ alkaline. Ó dára fún ẹ̀rọ tí ń mu iná díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi yí mọ́tò fáànù yóò rí i pé kò tó wákàtí méjì tí fáànù náà yóò fi rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ KÌÍNÍ: RÉDÍÒ KÉKERÉ

Ìtàn rédíò fi hàn bí bátìrì ti ṣe pàtàkì tó. Ní ọdún 1935 ni rédíò oníwáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, èyí tí àwọn ènìyàn fi àwàdà sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ibi tí wáyà rẹ̀ bá dé nìkan ni ohùn rẹ̀ ń dé. Oko àti abúlé kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 1949, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zambia lónìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta rédíò kan tí a fi sínú páànù tí ó dà bí ìkòkò ọbẹ̀. Bátìrì gbígbẹ ni ó ń lò, nítorí pé àwọn abúlé tí a ṣe é fún kò ní iná mànàmáná. Àwọn tí ó ṣe é ti wo ibi tí rédíò náà ń lọ kí wọ́n tó yan ohun tí yóò máa bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni transistor, tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1947, sọ rédíò di ohun tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì lè gbé, àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò lọ sí oko.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìyìn bá to irú rédíò bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti máa fi gbọ́ ìròyìn láti Adó, tí rédíò náà ń fẹ́ fóòtì 3, tí ó ń mu mílíáńpíà 30, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí 4 lójúmọ́, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ 30 lọ́nà 4, èyí tí í ṣe 120 mAh. Ó lè yan nínú mẹ́ta:

Bátìrì R6 méjì, tí ó jẹ́ nǹkan bí 800 mAh: nǹkan bí ọjọ́ 6.
Bátìrì LR6 méjì, tí ó jẹ́ nǹkan bí 2400 mAh: nǹkan bí ọjọ́ 20.
Bátìrì ńlá R20 méjì, tí ó jẹ́ nǹkan bí 5000 mAh: nǹkan bí ọjọ́ 40.

Bí rédíò náà yóò bá máa jókòó sórí tábìlì, R20 ni ó yẹ ẹ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò le, bátìrì lásán sì lè ṣe é. Bí yóò bá máa wà nínú àpò lọ sí oko, LR6 ni ó dára. Kí ó tó ra èyíkéyìí, kí ó fi iye ọjọ́ pín owó rẹ̀. Bátìrì tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà lè jẹ́ èyí tí ó wọ́n jù ní ìparí oṣù.

ÀPẸẸRẸ KEJÌ: FÌTÍLÀ ÌKÀWÉ

Bí a bá fẹ́ fi gílóòbù LED funfun mẹ́fà ṣe fìtílà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu mílíáńpíà 20, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 120. Bí yóò bá tàn fún wákàtí 4 lálẹ́, 480 mAh ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. R6 lásán kò lè gbé èyí ju òru kan lọ. Gílóòbù LED funfun ń fẹ́ nǹkan bí fóòtì 3. Nítorí náà, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tí fóòtì rẹ̀ jẹ́ 3.7, tí àmù rẹ̀ sì jẹ́ 2000 mAh, bá a mu. Yóò tàn fún nǹkan bí òru mẹ́rin. Bí a bá sì ń fi sólà kékeré sí i lójoojúmọ́, kò ní gbẹ rárá.

Ohun mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ wọ́n nínú iṣẹ́ yìí. Kí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní rẹsísítọ̀ tirẹ̀ tí yóò máa dí iná kù fún un. Kí bọ́ọ̀dù tí ń gba iná sínú bátìrì jẹ́ èyí tí a ṣe fún lítíọ́ọ̀mù, tí yóò dúró fúnra rẹ̀ bí fóòtì bá dé 4.2. Kí a má sì gbé bátìrì náà sí abẹ́ òrùlé páànù tí oòrùn ń pa. Kí sólà wà lóde, kí bátìrì wà ní ibòji.

ÀPẸẸRẸ KẸTA: ÀPÓTÍ TÍ Ń SÀBA ẸYIN

Ẹyin adìẹ ń fẹ́ ọjọ́ 21 kí ó tó pa, ooru inú àpótí sì gbọdọ̀ wà ní nǹkan bí 37.5 ní ìwọ̀n Celsius. Nínú iṣẹ́ yìí ni àṣìṣe bátìrì ti ń dun ènìyàn jù, nítorí pé ohun tí ó ní ẹ̀mí ni ó wà nínú àpótí.

Ká ní gílóòbù fóòtì 12 tí ń mu áńpíà 2 ni ó ń mú àpótí náà gbóná, tí ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ooru sì ń tàn án, tí ó ń pa á, tí ó fi jẹ́ pé ìdajì àkókò ni ó ń tàn. Áńpíà kan ni ó ń mu ní wákàtí kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in dọ́gba. Bí iná mànàmáná bá lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí kò sì dé títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀, wákàtí 10 ni. 10 Ah ni àpótí náà yóò mu. Ṣùgbọ́n a ti sọ pé kí a má mu bátìrì olójé ju ìdajì lọ. Nítorí náà, bátìrì tí ó kéré jù tí ó yẹ iṣẹ́ yìí ni ti 20 Ah.

Bátìrì 7 Ah tí a ń yọ láti inú àpótí UPS kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ń lò, nítorí pé òun ni wọ́n rí. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3.5 Ah, èyí tí yóò tó fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ péré. Kí aago méjìlá òru tó lù, ẹyin ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, onílé sì wà lójú oorun. Kì í ṣe pé bátìrì náà burú. Iṣẹ́ tí a gbé fún un ni ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ó dín owó kù ju bátìrì ńlá lọ. Bí a bá fi fóòmù tàbí ìyẹ̀fun pákó dí ara àpótí náà nípọn, ooru kò ní tètè jáde, gílóòbù yóò sì máa tàn fún àkókò díẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá dín oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀rọ kù sí ìdajì ti sọ bátìrì rẹ̀ di méjì láìra òmíràn.

BÍ A ṢE Ń SO BÁTÌRÌ PỌ̀

Bí a bá to bátìrì ní orí sí ìdí, ní ẹsẹẹsẹ, fóòtì wọn ni yóò ròpọ̀, àmù wọn yóò sì dúró bí ti ọ̀kan. Bátìrì 1.5 mẹ́rin yóò di fóòtì 6. Bí a bá sì so orí mọ́ orí, tí a so ìdí mọ́ ìdí, àmù wọn ni yóò ròpọ̀, fóòtì wọn kò sì ní yí padà. A kò gbọdọ̀ da bátìrì titun pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti pẹ́, tàbí alkaline mọ́ bátìrì lásán. Èyí tí ó rẹ̀ yóò di ẹrù fún èyí tí ó lágbára, yóò sì máa ṣomi.

BÍ A ṢE Ń RÀ Á LỌ́JÀ

Ní àwọn ilé ìtajà Adó-Èkìtì, ojúlówó àti ayédèrú ń jókòó papọ̀ lórí tábìlì kan náà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí olùrà wo ọjọ́ tí a kọ sí ìdí bátìrì. Kí ó kọ èyí tí ó wú, tí ó dẹ́gùn-ún, tàbí tí lẹ́búlù rẹ̀ ti ya. Kí ó ní kí olùtà fi mítà wọn fóòtì rẹ̀: bátìrì 1.5 tí ó jẹ́ titun kì í wà lábẹ́ 1.5. Bí ó bá rí bátìrì lítíọ́ọ̀mù roboto tí ó gùn bí ìka, irú èyí tí a ń pè ní 18650, tí a kọ 9900 mAh sí lára, kí ó mọ̀ pé irọ́ ni; àwọn ojúlówó wà láàárín nǹkan bí 2000 sí 3500. Bí a bá ń yọ ọ́ láti inú bátìrì kọ̀ǹpútà tí ó ti kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a wọ̀n. Èyí tí fóòtì rẹ̀ ti wà ní 2 tàbí sísàlẹ̀, kí a má ṣe gbìyànjú láti jí i dìde.

ÌKÌLỌ̀ NÍPA EWU

Bátìrì fóòtì 12 kò lè gbe ènìyàn bí iná ilé, ṣùgbọ́n bí wáyà kan bá já lé orí àti ìdí rẹ̀, iná tí yóò tú jáde pọ̀ tó láti yọ́ wáyà kí ó sì dáná sun aṣọ àti pákó. Kí a fi fíúsì sí wáyà orí bátìrì, ní ìtòsí bátìrì gan-an. Ibi tí a bá ti ń fi iná sí bátìrì olójé gbọdọ̀ ní fèrèsé ṣíṣí, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná bí ẹnikẹ́ni bá ṣáná sí ìtòsí rẹ̀. Bí ásíìdì rẹ̀ bá ta sí ojú tàbí sí ara, omi tí ó mọ́ ni kí a máa dà sí i fún ìgbà pípẹ́, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Bátìrì pẹlẹbẹ tí ó dà bí owó wẹ́wẹ́, irú èyí tí ó wà nínú rìmóòtù àti àwọn ohun ìṣeré, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọwọ́ ọmọdé tó. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Kí a má ṣe dúró wò ó. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọmọ náà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ewu tí ó burú jù ni ti òjé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Senegal, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì mọ́tò tí ó ti kú láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Òjé náà dà sí ilẹ̀ àdúgbò, àwọn ènìyàn sì tún ń sẹ́ iyanrìn rẹ̀ nínú ilé àti nínú àgbàlá. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyá wọn wò, a bá òjé púpọ̀ nínú rẹ̀. Òjé kì í rùn, kì í sì í ta ènìyàn lára. Inú eruku ni ó ń gbà wọ ẹnu ọmọdé, ó sì ń ba ọpọlọ wọn jẹ́ kí òbí tó mọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ bátìrì olójé nínú àgbàlá, kí a má ṣe da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà tàbí ìtòsí kànga, kí a má sì ju bátìrì kankan sínú iná. Odidi ni kí a dá bátìrì olójé padà fún ẹni tí ń tà á. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó bá wú, kí a gbé e sí ìta, sínú agolo tí iyanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, kí a má sì gún un.

ÀKÓPỌ̀

Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ mọ fóòtì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fẹ́, kí ó mọ iná tí ó ń mu, kí ó sì mọ wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí kò le tí ó sì ń pẹ́, bátìrì gbígbẹ tàbí alkaline ni kí ó fún un. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí ó fúyẹ́, níkẹ́ẹ̀lì tàbí lítíọ́ọ̀mù tí ó ní bọ́ọ̀dù aṣọ́ni. Iṣẹ́ ooru tàbí iṣẹ́ òru gígùn, bátìrì olójé tí a ṣe fún sólà, kí ó sì jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ìṣirò sọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ ÒǸKÀWÉ

1. Rédíò kan ń mu mílíáńpíà 40, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí 5 lójúmọ́. mAh mélòó ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀? Bí a bá fi LR6 tí ó jẹ́ 2400 mAh sí i, ọjọ́ mélòó ni yóò lò?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bátìrì tí a kọ R20 sí lára àti èyí tí a kọ LR20 sí?
3. Bátìrì níkẹ́ẹ̀lì mélòó ni a ó tò ní ẹsẹẹsẹ kí a tó rí fóòtì 6?
4. Níbo ni a ń kó bátìrì tí ó ti kú sí ní abúlé yìí, ta ni ó sì ń fọ́ ọ?

Ìdáhùn sí èkíní: 200 mAh, ọjọ́ 12. Sí èkejì: R20 jẹ́ bátìrì gbígbẹ lásán, LR20 jẹ́ alkaline. Sí ẹ̀kẹta: márùn-ún. Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jíròrò lé e lórí kí ìpàdé tó túká.